Ta ló sọ fún wa pé omi àgbọn ń sọ ọmọ di olódo?

Ìyá Ìbejì · Sátidé, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, biochemistry ni mo kà ní yunifásítì, àárọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé omi àgbọn kì í sọ ọmọ di olódo.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mo fẹ́ se ìrẹsì alágbọn, mo ra àgbọn méjì ní Bódìjà. Mo gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, mo fi ẹ̀yìn àdá kàn án yíká, ó là. Bí omi rẹ̀ ṣe ń jò ni mo da gbogbo ẹ̀ sínú síǹkì. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó pariwo bí ẹni tó rí ejò: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ dà nù yẹn?" Mo ní omi àgbọn ni. Ó ní ṣé ó ti kan ni? Mo ní rárá, àwọn ìbejì ló wà nílé, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i kí wọ́n ní àwọn fẹ́ mu. Ó ní tí wọ́n bá mu ún ńkọ́, kí ló máa ṣe wọ́n?

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Torí ohun tó wà lẹ́nu mi ni "wọ́n á di olódo", mo sì ti gbọ́ bó ṣe máa dún kó tó jáde. Ìlàjì àgbọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ́kàn: omi, ṣúgà, pọtásíọ̀mù. Èwo nínú wọn ló fẹ́ gun ọpọlọ lọ? Mo ṣèdánwò lórí irú nǹkan báyìí, mo sì yege. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìmọ̀ kan ń gbé pálọ̀, ìmọ̀ kan ń gbé ilé ìdáná, wọn ò sì kí ara wọn rí.

Ọmọ ọdún méje làwọn ìbejì. Wọn ò tíì tọ́ omi àgbọn wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni? Kí lẹ̀yin náà gbà gbọ́ ní kékeré tẹ́ ẹ gbé dàgbà?

Ọmọ Àgbádárìgì · 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín dùn mí díẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gùn ni mí. Ní ìlú tiwa, igi àgbọn ló ń kọ́kọ́ kí àlejò kó tó rí èèyàn. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ojú àgbọn. Ojú mẹ́ta ló ní, méjì le bí òkúta, ẹyọ kan ṣoṣo ló rọ̀. Ìṣó lo máa fi gún un, wàá dorí ẹ̀ kodò, wàá gbẹ́nu sí i. Ọmọ tó bá mọ ojú tó rọ̀ láì gbìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá wa nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé omi àgbọn ń sọni di olódo, gbogbo ìlú wa ló yẹ kó ti gọ̀. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n kọ́ ilé alájà àkọ́kọ́ sí ní Nàìjíríà, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845, ó ṣì wà níbẹ̀ ní Marina. Mi ò rò pé wọ́n béèrè pé ta ló ti mu omi àgbọn rí kí wọ́n tó gba òṣìṣẹ́.

Ìgbà tí mo wá kàwé ní Ìbàdàn, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó fọ́ àgbọn, tó rọra da omi ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo rò pé àwọn baba ńlá ẹ̀ ló ń ta á sílẹ̀ fún.

Lọ́yà Òṣogbo · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Tèmi ni owó. Wọ́n ní ọmọ tó bá he owó nílẹ̀, iṣu ló máa dà.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ogún náírà ni, èyí tí wọ́n ya Murtala sí, ó ká sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà nítòsí Ọjà Ọba. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lóṣòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ̀ wà: tí èèyàn bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó ní èmi ni kí n tẹ̀ ẹ́, òun lòun ti mú ọgbọ́n wá. A wà lẹ́nu àríyànjiyàn yẹn nígbà tí obìnrin kan tó ru igbá kọjá. Igbá ò mì lórí ẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ó mú owó, ó dì í sí etí ìró, ó lọ.

A tẹ̀ lé e. Kì í ṣe torí owó o. A fẹ́ rí ibi tó ti máa di iṣu ni. A rìn lẹ́yìn ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wá. Obìnrin yìí ò di nǹkan kan. Ó ra ata rodo.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í mú àgbàlagbà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èyí tó ṣe mí léṣe jù ni pé ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ àwọn iṣu fúnra wọn. Tí ọmọ bá ń di iṣu, ta ni wọ́n wá ń tò kalẹ̀ lọ́jà? Ọjọ́ kan màmá mi ń bẹ iṣu kan tó yọ ẹsẹ̀ méjì bí èèyàn. Mo sá jáde nílé ìdáná. Odindi sáà ilé ìwé kan, mi ò jẹ iṣu, mi ò jẹ iyán, mi ò fẹnu kan àsáró. Wọ́n fún mi ní oògùn aràn.

Mo ti wá mọ̀ pé gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n ń bẹ̀rù fún wa, tí wọ́n máa ń fi owó dẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi: títí dòní, bí mo bá rí owó nílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bísí Ẹlẹ́rìn-ín · 5:09 ìrọ̀lẹ́

Iṣu ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Ẹ ti pa mí.

Tèmi ni kóró ọsàn. Mo gbé ọ̀kan mì, mo ń yẹ ìdodo mi wò láràárọ̀ bóyá ewé ti yọ. Kò yọ. Mo ní kò tíì rí omi tó ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí àbúrò yín, ó gbọ́n.

Omi ló pọ̀ jù nínú omi àgbọn. Tí ẹ bá pín ife kan sí ọgọ́rùn-ún, ó lé ní àádọ́rùn-ún tó jẹ́ omi ṣáá. Ṣúgà díẹ̀ wà níbẹ̀, pọtásíọ̀mù pọ̀ níbẹ̀, iyọ̀ ò tó nǹkan. Kò sí èyí tó ń bá ọpọlọ jà. Àní ní 2000, àwọn dókítà kan tẹ ìròyìn jáde nípa aláìsàn kan ní Solomon Islands tí dírípù tán nílé ìwòsàn wọn, tó jẹ́ omi àgbọn ni wọ́n fi sí i nínú iṣan. Kò kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò nílé.

Ibi tó ti yẹ ká ṣọ́ra gan-an, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, pọtásíọ̀mù yẹn lè dá ọkàn rẹ̀ láàmú, kó bi dókítà kó tó mu ún. Ọmọ tó bá sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má ṣe fi omi àgbọn rọ́pò ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ọmọ onígbẹ́ gbuuru, torí iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ò tó èyí tó ń bá ìgbẹ́ jáde.

Èmi náà ò mọ́ tán o. Ọmọ́nlé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé oró rẹ̀ pọ̀ ju ti ejò lọ. Ọdún kejì rèé tí ọ̀kan já sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mi, ọbẹ̀ tí mo fi panla àti ṣàkì sè. Mo délé iṣẹ́, mo ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ odindi ìdílé mi. Dókítà kékeré kan tó jẹ́ ọmọ ọjọ́ orí àkọ́bí mi ló bi mí pẹ̀lẹ́tù pé: "Mà, oró wo ló ní?" Mi ò rí fèsì. Ọmọ́nlé ò ní oró kankan. Èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù ni pé ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé kòkòrò Salmonella, tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọbẹ̀ yẹn ò ṣe é jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńkọ́? Ìkòkò tuntun ni mo gbé jù sórí àkìtàn.

Tíṣà Ìtàn · 8:45 alẹ́

Ti ẹ̀yin wá látilé. Ilé ìwé ni wọ́n ti kó tèmi sí mi lórí, èmi náà sì kó o sórí ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà á ní "Ta ló ṣàwárí Odò Ọya?" Gbogbo wa á ké e bí ẹni ń kọrin: "Mungo Park!" Ẹni tí kò bá ké e sókè á jẹ pàṣán. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà pé oòrùn ń yọ láàárọ̀. Èmi náà di tíṣà, mo ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Iye ọdún tí mo fi kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi bò.

Ọmọbìnrin kan ní JSS 1 ló tú mi fó. Ó nawọ́ sókè: "Sà, kí Mungo Park tó dé, ta ló ń pa ẹja inú ẹ̀?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Mo délé, oorun ò kùn mí.

Mo lọ wá ohun tí Mungo Park fúnra ẹ̀ kọ. Oṣù Keje 1796 ló dé etí odò náà ní Ségù, ní ilẹ̀ Mali òde òní. Ṣé igbó kìjikìji ló bá? Ìlú ńlá ló bá! Ọkọ̀ ojú omi ń kó èèyàn sọdá, èrò pọ̀ débi pé ó ní láti jókòó dúró. Ọba ibẹ̀, Mansong, ránṣẹ́ sí i pé kò gbọ́dọ̀ sọdá. Ó wá jókòó sábẹ́ igi látàárọ̀, kò sẹ́ni tó gbà á sílé, ebi ń pa á, òjò ṣú. Obìnrin kan tó ń toko bọ̀ ló rí i, tó ṣàánú ẹ̀, tó mú un lọ sílé, tó tẹ́ ẹní fún un. Kí ló fún un jẹ? Ẹja ni. Ó gbé e sórí ẹyín iná fún un. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ JSS 1 wà nínú ìwé ọkùnrin náà láti ọjọ́ yìí wá. Lẹ́yìn náà, Mansong fi 5,000 owó ẹyọ ránṣẹ́ sí i pé kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣe, mi ò ní fi dù ú: àwọn ará Yúróòpù ti ń jiyàn lórí ibi tí odò náà ń ṣàn gbà, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìlà-oòrùn ni. Ibi tó ti wọ òkun, kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú ní Bùsà ní 1806. Richard àti John Lander, ọmọ ìyá méjì, ló tọ̀ ọ́ dé òkun ní 1830. Ọmọ Àgbádárìgì, ìlú yín ni wọ́n ti gúnlẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ.

Àwa tí à ń pè é ní Odò Ọya látayébáyé, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé odò wa sọ nù.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe ọmọ yẹn síwájú kíláàsì, mo ní kó tún ìbéèrè rẹ̀ bi.

Ọmọ Àgbádárìgì · 8:58 alẹ́

Tíṣà, ó ti yé mi bí àwọn Lander ṣe mọ ọ̀nà. Ìlú wa ni wọ́n ti gbéra, wọ́n á ti mu omi àgbọn.

Àgbà Ìlú · 9:26 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń kà á láti ìrọ̀lẹ́, mo rẹ́rìn-ín dáadáa. Àmọ́ ẹ rọra ṣe o. Kò sí irọ́ nínú ohun táwọn ìyá wa sọ, ọgbọ́n ìtọ́mọ ni. Wọ́n ní ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí òjò bá ń rọ̀, kí àrá má bàa pa yín. Ta ni ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí ẹ kúrò lọ́nà káwọn tó gbé ẹrù sórí rí ibi sá wọlé ni? Wọ́n ní ẹ má súfèé lóru, ejò á wọlé. Agbo ilé tí èèyàn ogójì ń sùn sí, ọmọ kan á jí ní ògànjọ́ á máa súfèé? Ẹ bá a sọ ti ejò ló máa dákẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún márùn-ún pé ó ń dí àwọn èèyàn lójú oorun, ẹ wò ó bóyá á gbọ́.

Tọ́lá Ìwó · 10:03 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà pé gbogbo ẹ̀ ni ọgbọ́n.

Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi la dàgbà sí. Àgbébọ̀ adìẹ mọ́kànlá ló wà nílé, mo mọ iye wọn torí èmi ni mò ń kó wọn wọlé lálẹ́. Èmi náà ni mò ń kó ẹyin láàárọ̀. Tí ẹ bá bá a nígbà tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ọ̀ginnìtìn bá mú, mo máa ń gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó gbé e sínú igbá. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nípa ẹyin títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran là ń jẹ. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́sẹ̀. Irun ẹ̀ pọ́n bí ti ọmọ òyìnbó, kì í ṣeré mọ́, ó kàn máa ń jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní oúnjẹ aṣaralóore ni kò rí jẹ, ká máa fún un ní ẹyin kan lójúmọ́. Ẹyin kan, gíráàmù mẹ́fà purotéènì. Ìyá àgbà ń sunkún níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má sọ ọmọ òun di olè. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn o! Wọ́n gbé e pọ̀n dé ibẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn, adìẹ mọ́kànlá sì ń yé lẹ́yìnkùlé.

Àbúrò mi yè é, a dúpẹ́. Ta ló wá ń jẹ ẹyin? Bàbá wa ni, tí wọ́n bá ti Èkó dé. Mẹ́rin, wọ́n á dín in. Olè kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú ilé yẹn ni ẹni tó ń jẹ ẹyin ọmọ.

Alábòójútó · 10:15 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká rọra fi ọ̀rọ̀ ṣe ara wa o. Kò sẹ́ni tó ṣẹ òfin, mo kàn ń sọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Àgbà Ìlú · 10:41 alẹ́

Alábòójútó, ẹ fi í sílẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́.

Tọ́lá, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ti fẹ́ fèsì pé ẹyin tí a bá jẹ lónìí, adìẹ ọ̀la ló lọ, adìẹ yẹn ni wọ́n sì ń tà san owó ilé ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo pa á rẹ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi owó adìẹ rán nílé ìwé ló ń wú lẹ́sẹ̀ yẹn.

Èmi náà jẹ nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ mi jókòó, tí wọ́n ń wò mí.

Àdùkẹ́ London · 11:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rín wọlé ká tó sùn.

Lékeléke. Ẹ rántí pé tó bá ń fò lọ, a máa ń na ìka sókè, à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní èékánná funfun. Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ bá wo èékánná yín, àmì funfun ti dé. Kò jáni kulẹ̀ rí.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ síbi omi kan ní Walthamstow, a rí ẹyẹ funfun kan tó dúró nínú omi. Irú ẹ̀ kì í tẹ̀ lé màlúù bíi ti ilé, ó jọ lékeléke ṣáá ni, wọn ò sì pọ̀ níbí tẹ́lẹ̀, 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbéra, ó fò gba orí wa kọjá. Ẹ gbọ́, mi ò rò ó, mi ò pinnu ẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì lọ sókè fúnra wọn, mo ń ju ìka, mo ń fi Yorùbá bẹ ẹyẹ òyìnbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ mi nígbà yẹn. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Nínú ọkọ̀, ó ti wá a lórí fóònù, ó ń kà á fún mi: àmì funfun yẹn, ibi tí èékánná ti ń hù jáde lo ti fi gbá nǹkan. Èékánná kì í yára hù, bíi mìlímítà mẹ́ta lóṣù kan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti kọjá kí àmì tó yọ síta, ìgbà yẹn lo ti gbàgbé ilẹ̀kùn tó há ẹ lọ́wọ́. Ó ní, "So it was never the bird, Mum."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kó wo èékánná mi lọ́jọ́ kejì. Òfo.

Ọ̀mùgàrí · Àìkú, 6:50 àárọ̀

Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, torí ìdàkejì ni. Wọ́n ní gàrí mímu máa ń ba ojú jẹ́. Mo dàgbà, mo kàwé, mo ní irọ́ ni. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn tá a jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, pé tó bá jẹ́ òótọ́ ni, gbogbo ọmọ yunifásítì ìbá ti fọ́jú.

Ìgbà tó yá ni mo kà nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ní Ìbàdàn. Láàárín 1960 sí 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí àwọn èèyàn lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń gbò bí ti ọ̀mùtí, tí etí wọn ń di, tí ojú wọn sì ń kú. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn lárọ̀ọ́ lálẹ́. Ohun tó rí ni pé oró sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ń ṣẹ́kù sínú oúnjẹ, pàápàá tí kò bá sí ẹran àti ẹja tó máa ran ara lọ́wọ́ láti lé e jáde. Àwọn olùwádìí míì ṣì ń jiyàn lé e lórí lẹ́yìn ẹ̀, pé ṣé ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi tí kò kàwé kan ti sọ gàrí àti ojú nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, èmi tí mo kàwé sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Gàrí tí wọ́n rẹ dáadáa, tí wọ́n fún omi ẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì yan gbẹ, oró náà á ti dín kù púpọ̀. Mo ṣì ń mu tèmi, ẹ má bínú. Mo kàn máa ń fi ẹja dínńdín sí i báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 7:05 àárọ̀

Àti ẹ̀pà. Ẹ fi ẹ̀pà sí i.

Ìyá Ìbejì · 2:40 ọ̀sán

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Tọ́lá, mo sunkún. Mo wá pe màmá mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé omi àgbọn ń sọ ọmọ di olódo?" Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo ní láti dúró. Wọ́n ní ẹnu gbogbo ayé làwọn náà ti gbọ́ ọ, àwọn ò kà á sí títí dọjọ́ kan. Ọmọ márùn-ún ni wá nínú yàrá méjì. Àgbọn kan, omi inú ẹ̀ ò kún ife. "Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi abọ́ tánńganran là ẹ́ lójú nítorí omi àgbọn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ fún yín. Ìjà tán."

Mo ní, "Ó là mí lójú báwo?"

Wọ́n ní, "Àpá tó wà lókè ojú òsì rẹ ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará ilé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, etí kànga ni mo mọ̀ pé mo ti ṣubú. Mo rántí ẹ̀. Mo rántí ewédò tó ń yọ̀ níbẹ̀, mo rántí bí okùn ṣe já lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ ìtàn ìṣubú yẹn fún ọkọ mi. Mo máa ń fi àpá yẹn han àwọn ìbejì tí mo bá ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sún mọ́ kànga.

Màmá mi ní, "Kànga wo? Omi ẹ̀rọ la ń lò nílé yẹn." Ẹ̀gbọ́n mi ló dá ọgbọ́n kànga kí bàbá wa má bàa na òun. Ó sọ fún mi pé ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Mo sọ ọ́ títí mo fi rí i.

Mo ní ta ló wá mu omi náà?

"Ìwọ ni. Gbogbo ẹ̀ ni mo bu fún ẹ, kí o lè dákẹ́ ẹkún."

Ọmọ Àgbádárìgì · 2:44 ọ̀sán

Ẹ dúró ná. Ipò kèélòó lẹ ṣe ní sáà yẹn?

Ìyá Ìbejì · 3:30 ọ̀sán

Mo ti pè wọ́n padà, wọ́n rántí. Ipò kejì. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò rí ẹ̀kán kan mu ló tún kíláàsì kà.

Mo ti fọ́ àgbọn kejì. Táíwò mu tiẹ̀ tán, ó na ife pé kí n rọ sí i. Kẹ́hìndé fẹnu kàn án, ó tu ú sínú síǹkì, ó ní ṣé omi tí mo fi ṣan abọ́ ni.